Ìrèké Lókè Òkun, Kòkó Létí Ọ̀wẹnà: Bí Àtìpó Ṣe Ń Pa Ifá Mọ́

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.

Ìkíni yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá wọ ilé awo ní Havana tàbí ní Matanzas, ní erékùṣù Kúbà, ohun tí yóò gbọ́ ni “iború, iboya, iboshishé”. Ọmọ awo Ọ̀wẹnà tó bá tẹ́tí sí i yóò mọ̀ pé ìkíni ilé òun ni. Ahọ́n àjèjì ti yí i díẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ṣá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọnù. Àwọn tó gbé e dé ibẹ̀ kì í ṣe ọba, wọn kì í ṣe ọlọ́rọ̀, wọn kò sì fi ìfẹ́ ara wọn lọ. Inú oko ìrèké ni wọ́n ti pa á mọ́. Ìbéèrè tó wà níwájú àpèjọ yìí nìyí: báwo ni ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní àkókò, tí kò sì ní òmìnira, ṣe rí Ifá pa mọ́? Kí sì ni ìlú bíi Ọ̀wẹnà, tí àtìpó inú oko kòkó kún yí ká, lè rí kọ́ nínú rẹ̀?

Ibi méjì ni ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1791, àwọn ẹrú dìde ogun ní Saint-Domingue, níbi tí ṣúgà púpọ̀ ti ń jáde lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó fi di 1804, wọ́n ti gba òmìnira, ilẹ̀ náà sì di Háítì. Oko ìrèké ibẹ̀ ti jóná, ṣúgà gbówó lórí, àwọn olóko Kúbà tó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì sì rí àyè. Wọ́n gé igbó, wọ́n gbin ìrèké, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà yìí kan náà, ilẹ̀ Yorùbá ń dàrú. Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ títí ó fi tú pátápátá ní àwọn ọdún 1830, ogun sì ń lé ará ìlú kan bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú mìíràn. Àwọn tí wọ́n kó lógun gba Èkó, Àgbádárìgì àti Wídà kọjá sínú ọkọ̀. Sípéènì ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé òwò ẹrú yóò dópin ní 1820, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń wọlé ní kọ̀rọ̀ títí di àwọn ọdún 1860. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà.

Lukumí ni orúkọ tí wọ́n sọ ẹni tó bá ń sọ èdè Yorùbá, ì báà jẹ́ ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà. Nílé, olúkúlùkù ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìlú ẹnìkejì ló kó o lẹ́rú. Nínú oko ìrèké, àwọn tó ti bá ara wọn jagun wá di ará ilé kan náà.

Iṣẹ́ ìrèké kò fi àyè sílẹ̀ fún ìsinmi. Bí wọ́n bá ti gé ìrèké, ó ní láti dé ọlọ kíákíá, nítorí pé omi rẹ̀ kì í pẹ́ kan. Nítorí náà, ní àsìkò ìkórè, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá títí di oṣù Karùn-ún, ọlọ ń lọ tọ̀sán tòru, iná ń jó lábẹ́ agbada gbígbóná, àwọn tó fi àdá gé ìrèké ní ọ̀sán sì tún lè jẹ́ àwọn tí yóò ti í sínú ọlọ ní òru. Nínú ọ̀pọ̀ oko ńlá, bárékè ni wọ́n ń sùn sí, wọ́n a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn ní alẹ́. Láti 1847 ni wọ́n ti ń kó àwọn ará Ṣáínà náà wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Nígbà tó fi di 1874, iye wọn ti ju 120,000 lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyà tó wà nínú oko kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹrú. Kì í sì ṣe gbogbo ènìyàn ló gba ìyà náà mọ́ra. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú oko Triunvirato ní agbègbè Matanzas dìde ogun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Carlota, tí wọ́n kà mọ́ àwọn Lukumí, wà lára àwọn aṣíwájú wọn, ó sì kú sójú ìjà.

Níbo wá ni Ifá ti rí ibi dúró sí? Ohun àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́. Ìjọba Sípéènì gba àwọn Adúláwọ̀ láàyè láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Cabildo ni wọ́n ń pè é. Èrò ìjọba ni pé bí wọ́n bá pín wọn sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ yóò tètè ká wọn. Àwọn Lukumí sọ cabildo di ilé òrìṣà. Wọ́n ń dáwó sin òkú, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń dáwó ra ẹni tó wà lóko ẹrú padà, wọ́n sì ń lu bàtá ní ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe ti Wúńdíá Regla, ni wọ́n ń bọ Yemọja. Ọjọ́ 8 ni ti Ọ̀ṣun. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni ti Ọ̀rúnmìlà. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni ti Ṣàngó.

Ohun kejì ni pé wọn kò jẹ́ kí àìsí ohun èlò pa ìsìn. Obì àbàtà kò sí lọ́wọ́ wọn, wọ́n gé àgbọn sí mẹ́rin, wọ́n sì ń pè é ní obì títí di òní. Wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Wọ́n lọ iṣu gbígbẹ láti fi ṣe ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tẹ odù lé. Wọ́n wá ìrókò tì, ṣùgbọ́n wọ́n rí àràbà nínú igbó Kúbà, wọ́n sì gbé orúkọ ìrókò fún un. Ẹni tó bá ń fi ojú yẹpẹrẹ wò ó lè sọ pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Awo tó jinlẹ̀ yóò bi í pé, èwo ló sàn, kí wọ́n fi àgbọn bọ òrìṣà, àbí kí wọ́n jókòó máa retí obì títí òrìṣà yóò fi di ìtàn?

Ohun kẹta ló ṣe pàtàkì jù lọ. Babaláwo tẹ babaláwo. Ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́ ni Adéṣínà, tí wọ́n ń pè ní Remigio Herrera ní Kúbà. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kó o, oko ìrèké ní agbègbè Matanzas ló sì ti sìn. Ìtàn ẹnu àwọn awo Kúbà sọ pé ó gbé ikin mì kí ó tó wọ ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gba òmìnira, ó kọ́lé sí Regla, ní ẹ̀gbẹ́ èbúté Havana, ó ń dá Ifá, ó sì ń tẹ àwọn ọmọ awo tí a bí ní Kúbà. Ó kú ní 1905. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Josefa, tí wọ́n ń pè ní Pepa, ló darí ẹgbẹ́ Yemọja ní Regla lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ babaláwo Kúbà ń ka ìlà awo wọn padà sọ́dọ̀ Adéṣínà yìí. Nígbà tí èdè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ, àwọn àgbà kọ odù sínú ìwé àkọsílẹ̀, wọ́n sì fi lé ọmọ awo lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ojú tún wo Trinidad. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú ní 1834, ó sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀ pátápátá ní 1838. Àwọn olóko ìrèké wá ń wá òṣìṣẹ́. Láti 1841, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun láti Sierra Leone àti St Helena wá síbẹ̀. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ní 1845, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kó àwọn ará Íńdíà gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ń pe ìrìn àwọn Yorùbá yìí ní ìrìn òmìnira, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ nílẹ̀ yìí yóò rí i pé òmìnira náà ní okùn lọ́rùn. Ìwọ̀fà mọ ilé baba rẹ̀, ó mọ iye gbèsè tó wà nílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san án ni yóò padà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Síbẹ̀, wọ́n gbé nǹkan dání. Èésú tí wọ́n ń dá níbẹ̀ kò tíì parí: “susu” ni ará Trinidad ń pè é, ìran gbogbo sì ń dá a. Ìsìn Ṣàngó àti ti Ògún wà níbẹ̀ di òní. Orin Yorùbá kò tán lẹ́nu àwọn arúgbó, títí Maureen Warner-Lewis fi lọ gbà wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n ìlà babaláwo kò fìdí múlẹ̀ ní Trinidad bí ó ti rí ní Kúbà. Òrìṣà dúró, ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ikin rọ̀ sẹ́yìn. Àwọn ará Trinidad tètè bọ́ lóko ẹrú ju àwọn ará Kúbà lọ, nítorí náà kì í ṣe òmìnira nìkan ló ń pa Ifá mọ́. Orin lè gbé lẹ́nu ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Odù 256 kò lè gbé bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ olùkọ́, ó ń fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ìjókòó.

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní erékùṣù Hawaii, níbi tí ìrèké àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti jọba, àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànì, Pọtogí, Kòríà àti Filipíìnì ló ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ará Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́pọ̀ yanturu ní 1885. Irin pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni òṣìṣẹ́ ń so mọ́ra, nọ́ńbà náà ni wọ́n sì fi ń pè é nígbà tó bá ń gbowó. Àwọn náà ń jó ijó ìrántí òkú wọn ní ọdọọdún láàárín oko. Ẹni tí oko sọ di nọ́ńbà ní ọjọ́ iṣẹ́ máa ń padà jẹ́ ọmọ ẹnìkan ní ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sílé. Kòkó náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Òkè òkun ló ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn alágbàṣe láti ìlú òkè lọ ń ṣiṣẹ́ ní oko J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì gbé irúgbìn rẹ̀ padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ibòmíràn ń gbó, igbó Oǹdó àti Ìdànrè ṣì tutù. Àwọn àgbẹ̀ láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì wá, àwọn Ẹbira wá, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan gba ilẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Àwọn mìíràn ń tọ́jú oko olóko, wọ́n sì ń bá a pín èrè rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe àgbàṣe. Abúlé wọn wà káàkiri inú igbó náà di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwọn wọ̀nyí wé ẹrú oko ìrèké. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wá, wọ́n sì lè padà. Ṣùgbọ́n àárín oko jọra. Bí kòkó bá pọ́n, kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ Ifá. Ọmọ tí a bí sí abúlé lè dàgbà láìmọ oríkì ìdílé baba rẹ̀, kí ó má sì mọ ti ìlú tó gbà á sílé. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹni tó ń gbé etí Ọ̀wẹnà kò nílò kí wọ́n túmọ̀ òwe yìí fún un.

Ojúṣe mẹ́ta ló wá hàn gbangba. Àkọ́kọ́ wà lọ́rùn àwọn awo. Ọmọ abúlé kò lè máa rin ìrìn ọ̀nà jíjìn wá kọ́ Ifá ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ awo. Ẹ jẹ́ kí Olúwo rán ojùgbọ̀nà lọ bá a níbẹ̀, kódà ní àsìkò ìkórè. Èkejì wà lọ́rùn onílẹ̀. Ẹni tí a kò fọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ilẹ̀ kò lè gbin igi òrìṣà sí i. Ìṣákọ́lẹ̀ tó tọ́ àti àdéhùn tí kì í yí padà lẹ́yìn tí kòkó bá ti so, ìwà Ifá ni. Ẹ̀kẹta wà lọ́rùn àlejò àti olùwádìí: ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ níhìn-ín, ẹ dá ẹ̀dà rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Láti 2008 ni Ifá ti wà nínú ìwé àjogúnbá ènìyàn tí UNESCO ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè tẹ ọmọ ní Ifá.

Bí awo láti Kúbà bá sì jókòó sí àárín yín lọ́dún yìí tàbí lẹ́yìn ọ̀la, tó ń pe odù tí ohùn rẹ̀ kò gún, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ohùn tó sọnù náà lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì bi í bí baba rẹ̀ ṣe pa ìyókù mọ́. Àwọn àgbà ti sọ pé bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí àtìpó kankan ṣìnà, kí ó má sì jẹ́ kí onílé ti ilẹ̀kùn. Kí Ọ̀wẹnà máa ṣàn. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún. Àṣẹ.