Ìdáríjì Lẹ́yìn Kóòtù: Ọ̀rọ̀ lórí Ìgbàgbọ́, Àdúrà àti Ìlàjà nínú Ìjọ

 

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, A kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí kì í ṣe òwe òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú adájọ́ rí, tí ó gbọ́ bí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ń bà á lórúkọ jẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, yóò mọ̀ pé ohun kan a máa kú níbẹ̀ tí kì í tètè jí. Ṣùgbọ́n èyí ni àwa fẹ́ bi ara wa léèrè lónìí: òwe yìí ha ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn láàrin àwọn tí a rì bọmi ní orúkọ kan náà, tí wọ́n sì ń jẹ nínú àkàrà kan?

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa rìn ní ojú òfuurufú, a ó mú àpẹẹrẹ kan wá láti inú ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ Ítálì. Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, kí ni àlùfáà Áńgílíkà ń wá nínú ọ̀ràn àwọn Àgùdà? Ìdáhùn wa ni pé, bí iná bá kú ní ilé ẹni, a kì í tijú láti lọ fọnná ní ilé aládùúgbò. Ẹ rántí ibi tí orúkọ náà Àgùdà ti bá wa pàápàá. Àwọn tí a kó ní ẹrú lọ sí ilẹ̀ Brasil, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni wọ́n padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yìí. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá ń gbé láàrin wọn. Àwọn tí wọ́n fi àdúrà nìkan pa ìgbàgbọ́ mọ́ láìní àlùfáà kò lè ṣe aláìní ohun tí wọn yóò kọ́ wa. A mọ̀ pé ọ̀nà wa àti tiwọn pín ní ibi púpọ̀: wọ́n ń ké pe àwọn ẹni mímọ́ tí ó ti sùn, àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí a mú wá lónìí, ọ̀ràn gbogbo wa ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ọdún 1890, a bí ọmọbìnrin kan ní Corinaldo, ìlú kékeré kan tí ó wà lórí òkè ní ìhà ìlà-oòrùn Ítálì. Maria ni a sọ ọ́. Luigi Goretti ni baba rẹ̀, Assunta sì ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, òṣì sì ta wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ dá oko olóko ní ilẹ̀ àbàtà tí ó wà ní gúúsù Róòmù, ní ibi tí a ń pè ní Le Ferriere, lẹ́bàá Nettuno. Ilẹ̀ ẹ̀fọn ni ilẹ̀ náà nígbà náà. Ibà pa Luigi ní ọdún 1900, ó sì fi opó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Assunta bọ́ sí oko ní ipò ọkọ rẹ̀. Maria, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bọ́ sí ìdí ààrò ní ipò ìyá rẹ̀.

Ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ń bá wọn gbé inú ilé kan náà. Orúkọ ọmọ náà ni Alessandro Serenelli, ẹni ogún ọdún. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, ọdún 1902, nígbà tí àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìta, ó fẹ́ fi agbára bá ọmọbìnrin náà lò pọ̀. Ọmọ náà kọ̀, ó ń ké pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nígbà náà ni ó fi irin ṣóńṣó gún un ní ìgbà 14. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Nettuno, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọmọ ọdún 11 péré. Kí ó tó kú, wọ́n bi í bóyá ó dárí ji ẹni tí ó ṣe é ní ibi. Ó dáhùn pé òun dárí jì í, òun sì ń fẹ́ kí ó wà pẹ̀lú òun ní Párádísè.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa parí ìtàn náà níbẹ̀. Àwa kò ní parí rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó kú ti lọ sinmi. Ẹni tí ó kù ni ó ń jí lójoojúmọ́ bá ẹní tí ó ṣófo. Kí ni a ó wí nípa Assunta?

Ilé ẹjọ́ dá Alessandro lẹ́bi. Nítorí pé kò tíì pé ẹni ọdún 21, ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ni wọ́n rán an. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọkàn rẹ̀ le bí òkúta, kò ronú pìwà dà. Lẹ́yìn náà, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti sọ ọ́, ó lá àlá kan tí ó rí ọmọbìnrin náà tí ó ń fún òun ní òdòdó. Bíṣọ́ọ̀bù kan tí a ń pè ní Giovanni Blandini sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹlòmíràn. Ó lo ọdún 27, a sì tú u sílẹ̀ ní ọdún 1929.

Assunta ti padà sí Corinaldo nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àlùfáà ìjọ ìlú náà. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1930, ní àkókò Kérésìmesì, Alessandro wá kan ilẹ̀kùn ilé náà. Ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìyá ẹni tí ó pa. Ìyá náà dáhùn pé bí ọmọ òun bá ti dárí jì í, tí Ọlọ́run sì ti dárí jì í, òun kò lè ṣe aláìdárí jì í. Àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí Mísà Kérésìmesì, wọ́n sì gba Ara Olúwa ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lójú gbogbo ìjọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Ìjọ ìlú kékeré ni, níbi tí olúkúlùkù mọ ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ìdílé Goretti kí ó tó di pé òṣì lé wọn jáde. Àwọn wọ̀nyí rí ìyá àti apànìyàn ní ìkúnlẹ̀ kan. Nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí, àwa rí ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

Èkínní, ìdáríjì kì í fọ́ òfin. Ìdáríjì tí Maria sọ jáde ní orí ibùsùn ikú kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ọdún 27 ni Alessandro fi jìyà ohun tí ó ṣe. A sọ èyí nítorí àṣà búburú kan tí ó wà láàrin wa. Bí a bá ṣe ọmọ kékeré ní ibi nínú agbo ilé, àwọn àgbà a máa péjọ, wọn a ní, "Ẹ jẹ́ kí a bò ó mọ́lẹ̀, Onígbàgbọ́ ni wá, ẹ jẹ́ kí a dárí jì í." Ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì, ìbò-mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tí a ṣẹ̀ nìkan ni ó ní ìdáríjì láti fi fúnni. Àgbà tí a kò gún kò lè fi ẹnu ọmọ tí a gún dárí jini. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Kristi bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀, ó ti ṣẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Èkejì, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Alessandro kò rán oníṣẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Àwọn Àgùdà ń kọ́ni pé ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá jẹ́wọ́: kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ó fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì ṣe àtúnṣe. Láti ìgbà ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Lateran ní ọdún 1215 ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni kí olúkúlùkù tí ó ti mọ rere yàtọ̀ sí búburú máa jẹ́wọ́ níwájú àlùfáà. Àwa Áńgílíkà kò fi ẹrù yìí lé ẹnikẹ́ni lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìwé Àdúrà wa fi àyè sílẹ̀ fún irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ níbi ìbẹ̀wò aláìsàn. Ìjẹ́wọ́ gbogbogbòò ni àwa ń jọ kà ní Ọjọ́ Àìkú. Ó dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún ènìyàn láti sá pamọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ohùn a máa gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ní gbèsè, tí ó pè é ní olè, tí ó gba ilẹ̀ rẹ̀, kò tíì jẹ́wọ́ nígbà tí ó bá gbogbo ìjọ kà á. Ilẹ̀kùn kan ṣì wà tí ó gbọ́dọ̀ lọ kàn.

Ẹ̀kẹta, àdúrà ni ó ń pèsè ìdáríjì sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé. Nínú ilé tálákà yẹn, wọn a máa ka rósárì ní alẹ́. Ẹni tí ó bá ka rósárì ìpín márùn-ún yóò gba àdúrà tí Olúwa kọ́ wa, ó kéré tán, nígbà márùn-ún. Nígbà márùn-ún ni yóò sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó ṣe sí òun gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe sí ẹni tí ó ṣẹ̀ òun. Àdúrà tí ó léwu ni àdúrà yìí! Ẹni tí ó ń gbà á pẹ̀lú ìbínú lọ́kàn, ara rẹ̀ ni ó ń bẹ Ọlọ́run láti dá lẹ́bi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe rò pé Assunta rí ọ̀rọ̀ tí ó sọ lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A kì í gbin igi ní àárọ̀ kí a jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán.

Ẹ̀kẹrin ni ó kan àwa àlùfáà jù lọ. Níbi tábìlì Olúwa ni ìjà ti gbọ́dọ̀ parí. Jésù Olúwa wa kọ́ wa pé bí a bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin wa ní ọ̀rọ̀ kan sí wa, kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níbẹ̀ kí a kọ́ lọ bá a làjà. Nínú Ìwé Àdúrà ọdún 1662, a pàṣẹ fún àlùfáà pé bí ó bá rí i pé ìkórìíra ń jọba láàrin ẹni méjì, kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n wá síbi tábìlì Olúwa títí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti làjà. Àṣẹ náà wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ta ni nínú wa tí ó ń pa á mọ́?

A ó jẹ́wọ́ tiwa. Nínú ìjọ kan tí a ti sìn, àwọn obìnrin méjì wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀ràn ilé tí baba wọn fi sílẹ̀ gbé wọn dé kóòtù. Fún ọdún mẹ́sàn-án wọn kò kí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ń jókòó ní apá ọ̀tún, àbúrò ní apá òsì. Bí wọ́n bá sì wá síbi tábìlì Olúwa, ìkángun kan ni èyí ń kúnlẹ̀ sí, ìkángun kejì ni ìyẹn. Àwa mọ̀. Àwa ni a ń fún àwọn méjèèjì ní àkàrà àti wáìnì. A bẹ̀rù pé bí a bá sọ̀rọ̀, ìdílé ńlá kan yóò fi ìjọ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹ̀gbọ́n kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò wá bá wa nínú yàrá àlùfáà, ó ní, "Bàbá, Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni ẹ ń fún àwa méjèèjì ní oúnjẹ Olúwa, ẹ kò sì bi wá léèrè rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Ta ni kí n lọ bẹ̀ báyìí?" A kò ní ìdáhùn. Títí di òní a kò tíì rí i.

Ẹ̀yin ará, àwọn ará Corinaldo rí ohun tí ìjọ tiwa kò rí, kì í ṣe nítorí pé wọ́n mọ́ jù wá lọ, bí kò ṣe nítorí pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn nígbà tí ẹni tí ó lè ṣí i ṣì wà láàyè. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, ọdún 1950, Póòpù Pius Kejìlá ka Maria Goretti mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní Róòmù, ìyá rẹ̀ arúgbó sì wà láàyè láti rí i. Alessandro gbé lọ́dọ̀ àwọn ará Capuchin, ó ń ro ọgbà wọn, ó sì kú ní ọdún 1970. Ìyá kò gba ọmọ rẹ̀ padà. Apànìyàn kò gba ọdún 27 rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n gbà ni pé wọ́n lè wo ojú ara wọn níwájú Ọlọ́run.

Nítorí náà, kí Ọjọ́ Àìkú tí a ó tún jẹ oúnjẹ Olúwa tó dé, kí olúkúlùkù wa ronú ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí òun lọ kàn. Bí ìwọ ni o ṣẹ̀, má ṣe rán ọmọ, má ṣe kọ lẹ́tà. Dìde kí o lọ. Bí a bá ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́? Bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà láti òní, kí ọ̀rọ̀ lè wà lẹ́nu rẹ bí ẹni náà bá dé. Kí ẹ̀yin àgbà ìjọ má sì ṣe jẹ́ kí àwa àlùfáà yín tún dákẹ́.

Òtítọ́ ni àwọn baba wa sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n a lè ti ìkúnlẹ̀ bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Kí Ọlọ́run, nínú àánú rẹ̀, mú wa kúnlẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.