Òfin Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Aṣọ àti Awọ
Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò sọ níbi Ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́, Sabon Gari, Kano

Ẹgbẹ́ ní kí àwa oníṣòwò sọ̀rọ̀ lórí òfin tó ń dé bá òwò aṣọ àti awọ. A kò ní pẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa ní Sabon Gari, bí a kò bá ta aṣọ, a ń rán an. Bí a kò bá rán aṣọ, a ń rán bàtà tàbí àpò. Ìlú tí a wá ṣe àtìpó sí yìí ti ń pa aṣọ láró ní Kofar Mata kí òyìnbó tó dé. Awọ ewúrẹ́ Kano ni ràkúnmí ń rù la aṣálẹ̀ kọjá, tí àwọn òyìnbó ń pè ní awọ Morocco. Awọ tí wọ́n ṣe ní Challawa sì ń lọ sí Ítálì àti Spain.

Àwọn oníbàárà òkè òkun ti ń bèèrè ohun tí wọn kì í bèèrè tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 2013, ilé Rana Plaza wó ní ilẹ̀ Bangladesh lé àwọn tó ń rán aṣọ fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lórí. Àwọn tó kú lé ní 1,100. Ògiri ti sán lọ́jọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣòfin. Ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2023: ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ wádìí bí ẹni tó ń ṣe ọjà fún un ṣe ń lo òṣìṣẹ́. Wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ omi pẹ̀lú, nítorí ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ awọ ti ba odò Challawa jẹ́, odò tí a ti ń fa omi ìlú.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ló kan ṣọ́ọ̀bù kékeré wa?" A kò sọ pé àwọn òyìnbó kò ní àbùkù: wọ́n fẹ́ ọjà pọ́ọ́kú, wọ́n tún fẹ́ kí á náwó sí i. Ṣùgbọ́n òfin tiwa ti wà ṣáájú tiwọn. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí á kọ àdéhùn sílẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kí ìkọ́ṣẹ́ náà má sì kọjá ọdún márùn-ún. Òfin ilé iṣẹ́ ní kí á má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà tí kò fi ní lè ṣí i kíákíá láti inú. Ní Ìkòròdú ní 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan lóru nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kò jáde. Bí ọdún bá sì kù dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ pọ̀ nílẹ̀, àwa náà mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ti àgádágodo mọ́ ọmọ iṣẹ́ lóru nítorí olè.

Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ṣòfin rẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kò yọ ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ yìí, ọmọ ilé ni wọ́n. Òbí wọn fi wọ́n sínú mọ́tò wá bá wa nítorí orúkọ wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò gba fírídọ̀mù. Kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ lóru mọ́. Kí á yọ díẹ̀ nínú owó òní fún ìtọ́jú ọmọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tàbí iná bá ṣe léṣe.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ fi ọwọ́ sí àpò yín, ẹ mú un jáde dáadáa. Àpò yín kò ní gbẹ, ilé kò ní gbàgbé wa, ibi tí a wà kò ní lé wa. Àmín o.