Kọ́kọ́rọ́ Nìkan Kò Tó: Ojúṣe Ayálégbé Tó Fẹ́ Kó Jáde Kí Ọjọ́ Tó Pé



Nígbà kan, mo gba ilé ọlọ́dún kan ní Tunga Low Cost níbí. Mo san ìlàjì owó rẹ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé n ó san ìyókù lẹ́yìn oṣù 6. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n fún mi ní tírànsífà lọ sí Bida. Mo kó ẹrù mi, mo fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó yá, onílé wá mi dé Bida, ó ní kí n wá san ìyókù. Inú bí mi, àfìgbà tí lọ́yà ka ìwé náà fún mi.

Ẹni tó gba ilé fún ọdún kan ti gbèsè owó ọdún kan. Kíkó jáde nìkan kò pa àdéhùn rẹ́, àyàfi tí ìwé bá fàyè gbà á tàbí tí onílé bá gbà. Bí ìwé bá dárúkọ iye oṣù tí a ó fi sọ tẹ́lẹ̀, òun ni a ó tẹ̀ lé. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní bí ìwé kò bá sọ ọ́, oṣù 6 ni fún ilé ọlọ́dún, oṣù 1 fún ti olóṣooṣù. Ó sì de onílé àti ayálégbé. Òfin yẹn kò dé Minna. Ẹ bi lọ́yà níbí.

Ohun tó yọ mí ni pé onílé ti gba ayálégbé mìíràn láti oṣù kẹsàn-án. Ó ti gba ilé rẹ̀ padà nìyẹn. Àwọn àgbà bá wa dá sí i, mo san owó oṣù 2 tí ilé fi ṣófo.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ gba ìdáhùn onílé ní kíkọ. Ẹ má fi ẹlòmíràn sílé láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ẹ san owó iná, ẹ tún ohun tí ẹ bàjẹ́ ṣe. Ti ọjọ́ ogbó ilé kò kàn yín. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, kí ó buwọ́ lùwé.

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.