Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ọmọ Wa Yóò Yàn fún Ìdánwò?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ wa ní Sabon Gari, Kano

  

Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ yìí ní kí àwa ará ọjà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹlòmíràn lè máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òǹtajà tí ó ka ìwé mẹ́fà mọ̀ nípa ìdánwò WAEC. Èsì wa kò gùn: àwa ni a ń san owó rẹ̀. Bí èsì bá jáde tí kò sì dára, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ni ọmọ ń gbé e wá. Yàtọ̀ sí èyí, bí iṣẹ́ kan bá wà tí ó mọ yíyàn, iṣẹ́ òwò ni. Kò sí ẹni tí yóò wọ Kantin Kwari lọ kó igba àǹkárá láìkọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ọmọ wa kó ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lérí láìmọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ètò náà ti rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ojú àtijọ́ wò ó. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré tí a ń pè ní JSS, mẹ́ta ní girama àgbà tí a ń pè ní SS, mẹ́rin ní yunifásítì. Ní 1988 ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà náà ṣe ìdánwò SSCE. Láti 2000 ni NECO náà ti ń ṣe tirẹ̀. Nínú ìdánwò WAEC tí ọmọ ń ṣe ní ilé-ìwé, kò lè ju ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀ ní dandan, ilé-ìwé sì tún ní ìwọ̀nba tí ó ń fi kún un. Ìyókù ni ọmọ ń yàn. Ìyókù yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Láti A1 dé C6 ni à ń pè ní kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ páàsì lásán, F9 ni kí ọmọ padà lọ ṣe òmíràn. Yunifásítì ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa: kì í ṣe márùn-ún èyíkéyìí. Márùn-ún tí ó bá iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu ni. Lẹ́yìn WAEC ni JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì ọgọ́rùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn, mẹ́ta tí ó kù gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ náà mu. Ọmọ lè gba A mẹ́jọ ní WAEC kí ilẹ̀kùn tí ó ń fẹ́ sì wà ní títì, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mìíràn ni ó kó lọ́wọ́.

A ó fi àpẹẹrẹ díẹ̀ hàn. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wa fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n ń sá fún Físíìsì nítorí pé wọ́n ní ó le. Ọjọ́ tí wọ́n sá fún Físíìsì ni wọ́n ti sá fún nọ́ọ̀sì, wọn kò kàn mọ̀ ni. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò ní Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè sá fún Ìṣirò àti Físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe lọ́yà, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò béèrè Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó kí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe olùṣírò owó gbọ́dọ̀ mú Ìṣirò àti ẹ̀kọ́ Ètò Ọrọ̀-ajé. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ kíláàsì Art lè wọ yunifásítì láìní kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò, ariwo sì gba ìgboro pé a ti pa Ìṣirò tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún là á yé wa pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣì forúkọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Ẹni tí ó bá sì lè gbà á, kí ó gbà á; ọjà tí kì í bàjẹ́ ni Ìṣirò.

Níbo ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀? Kì í ṣe ní SS3. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń kúrò ní JSS3 bọ́ sí SS1 ni, nígbà tí wọ́n bá ń pín wọn sí Sáyẹ́ǹsì, Art àti Kọ́mẹ́ṣíà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń ṣe ìpinnu yìí, nígbà púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan, tí bàbá wà ní ọjà, tí ìyá wà ní ọ̀nà Èkó. Òmíràn tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òmíràn sá fún olùkọ́ tí ó máa ń nà án. Òmíràn rí i pé kíláàsì kan ti kún, ó bá yà sí èkejì. Ìgbà tí yóò fi di SS3, tí a bá bi í pé kí ni ó fẹ́ dà, ohun tí ó ń wù ú ti wà ní òdìkejì odò, afárá kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àwa òbí náà ní ẹ̀bi tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ ọmọ di dókítà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí ọmọ aládùúgbò bá wà ní kíláàsì Sáyẹ́ǹsì, ojú ń tì wá láti sọ pé Art ni tiwa wà. A fi ipá ti ọmọ tí kò ní ju méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún nínú Ìṣirò sínú Físíìsì, ọdún mẹ́ta kọjá, F9 ló kó wálé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́yà kò kéré, olùkọ́ kò kéré, ẹni tí ó mọ ìwé owó dáadáa kò kéré. Ọmọ tí ó ṣe èyí tí agbára rẹ̀ ká ni yóò jẹun.

Nítorí náà, kí ọmọ tó yan ẹ̀kọ́, a rọ gbogbo òbí kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n béèrè ohun mẹ́rin. Èkíní, kí ni ó ń wù ú láti ṣe láyé? Kí a jẹ́ kí ó sọ ọ́ láìbẹ̀rù, kí a má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Èkejì, kí ni èsì rẹ̀ láti JSS1 dé JSS3 ń sọ? Ìwé èsì wà nílé; kì í ṣe ipò tí ó gbà nìkan ni kí a máa wò, kí a wo ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó pe ẹni tí ó lè kà á fún un. Ẹ̀kẹta, kí ni iṣẹ́ náà ń béèrè? Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wà tí ó to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀kọ́ tí ó bá a mu, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù tí ọmọ fi ń wo bọ́ọ̀lù lè ṣí i. Ẹ̀kẹrin, ǹjẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà wà ní ilé-ìwé náà? Ilé-ìwé aládàáni kan lè kọ Kẹ́mísìrì sára ògiri kí ó má ní ìgò kan ṣoṣo tí ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe. Kí a wọlé, kí a fi ojú ara wa rí i kí a tó sanwó.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi. Ọmọ wa tí a bí sí Sabon Gari, ìwé ìbílẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìlú bàbá rẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń wo máàkì, wọ́n sì tún ń wo ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá. Ọmọ wa tí ó fẹ́ wọ Bayero níbí kò lè gbẹ́kẹ̀ lé àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè; máàkì rẹ̀ ni yóò fọhùn fún un. A kò fi èyí bínú sí ẹnikẹ́ni, bí òfin ti rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àyè rẹ̀ há kò gbọdọ̀ tún fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Nípa èdè ńkọ́? Yorùbá àti Hausa jẹ́ ẹ̀kọ́ ìdánwò WAEC. Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá jẹ́ ọ̀fẹ́, pé ẹni tí ó ń sọ ọ́ nílé ti yege. Irọ́ ni. Ìró àti àmì ohùn wà nínú rẹ̀, lítíréṣọ̀ wà, àṣà wà. Ọmọ tí kò mọ̀ ju kí ó da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá lọ yóò jókòó síwájú ìbéèrè náà bí àlejò. Ẹ má sì rò pé ẹ̀kọ́ àwọn aláìlágbára ni. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, síbẹ̀ Yorùbá ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Bí ilé-ìwé bá ní olùkọ́ Yorùbá tí ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yàn án. Bí Hausa bá sì dán mọ́rán lẹ́nu ọmọ, tí ó ń kọ ọ́, tí ó ń kà á, kò sí ìtìjú nínú yíyan Hausa. Èdè ìlú tí a ti ń jẹun ni.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà wà, èyí tí ọmọ girama àgbà gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú rẹ̀. Ní 2014 ni WAEC kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba tún ètò náà tò ní 2025, aṣọ rírán, iná oòrùn, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, ohun ọ̀sìn àti ọ̀gbìn wà lára èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwa ará ọjà mọ ohun tí ẹni tí ó mọ iná oòrùn dè ń gbà lónìí. Kí ọmọ má yan èyí tí ó rọrùn jù, kí ó yan èyí tí ó lè bọ́ ọ bí yunifásítì bá pẹ́ kí ó tó gbà á.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní SS2 tàbí SS3, tí ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ kan ti sọnù, kí ó má sọ ìrètí nù. Kí ó tètè lọ bá ilé-ìwé kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí. Bí ó bá ti bọ́, ìdánwò WAEC ti àwọn aládàáni wà fún ẹni tí ó ti jáde, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì máa ń gba èsì ìjókòó méjì papọ̀ fún iṣẹ́ púpọ̀. Kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ọmọ ń fẹ́ ni ó dára.

Kí ni a wá ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ṣe? Ohun mẹ́ta ni. Ní ọdọọdún, kí àwọn JSS3 tó wọ SS1, kí ẹgbẹ́ pe òbí àti ọmọ sí gbọ̀ngàn, kí àwọn olùkọ́ tí ó wà láàárín wa, àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, jókòó pẹ̀lú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí a ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé fún Ìṣirò, Físíìsì àti Yorùbá, kí ọmọ má bàa sá fún ẹ̀kọ́ nítorí àìsí olùkọ́. Ẹ̀kẹta, kí a ya àpò kan sọ́tọ̀ nínú owó tí a bá kó jọ lónìí, tí a ó fi máa san owó ìdánwò ọmọ aláìní, pàápàá ọmọ òrukàn.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ ti kọ́ ilé sí ìlú yìí, ẹ ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ yín sí orí tábìlì níwájú yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ kékeré jáde. Orúkọ tí ẹ bá fi owó kọ sílẹ̀ lónìí, èsì ìdánwò ọmọ kan ni yóò kà á jáde lọ́la.

Kí Ẹlẹ́dàá bù sí òwò wa, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe jù wá lọ, kí ó fi àlàáfíà sí ìlú tí a ń gbé àti ìlú tí a ti wá. Àmín.