Bí Wọ́n Bá Lẹ Ìwé Ìkìlọ̀ Mọ́ Ilé Yín

Ẹni tí ó bá gbọ́ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé tí irun wọn ti funfun nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ni yóò jogún ilé, àwọn mìíràn sì ti ń bá bàbá wọn gba owó ilé báyìí.

Bàbá wa fi ilé alájà méjì sílẹ̀ fún wa ní Ṣómólú. Lẹ́yìn tí ó kú, àwa ọmọ gbé àjà kẹta lé e, nítorí owó ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ayálégbé wa kan tẹ̀ mí láago pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ìwé náà pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn kó jáde, nítorí pé ilé náà kò dúró dáadáa, a ó sì wó o. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe da ara mi láàmú, òun mọ ẹnì kan tí a lè lọ rí. Àbúrò wa ní kí a ra ọ̀dà funfun, kí a fi kun orí pupa náà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ilé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí agbára ìwé bẹ́ẹ̀ ti wá. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun àpapọ̀ ṣe òfin 88 lórí ètò ìlú. Ṣùgbọ́n ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́jọ́, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú ní ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ní Èkó, òfin ọdún 2010, tí a ṣe àtúnṣe sí ní 2019, ni a ń tẹ̀ lé. Òun ni ó dá LASPPPA sílẹ̀, tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti LASBCA, tí ń ṣọ́ bí a ṣe ń kọ́lé àti bí ilé tí a ti kọ́ ṣe dúró sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kí ó béèrè òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé a gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ènìyàn nígbà tí a bá fẹ́ pinnu lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èyí ni ẹsẹ̀ tí onílé fi ń dúró. Ẹ wá kíyè sí abala 44, tí ó dáàbò bo ohun ìní wa: abala yìí kan náà yọ ohun ìní tí ó wà ní ipò eléwu sílẹ̀. Ẹni tí ń pariwo ẹ̀tọ́ kí ó ka méjèèjì pọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ka ìwé náà. Púpọ̀ nínú wa a máa sáré wá ẹni tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀ kí a tó mọ ohun tí a kọ. Ìwé tí ó ní kí iṣẹ́ dúró yàtọ̀ sí èyí tí ó ní a rú òfin ìkọ́lé. Èyí tí ó ní kí a kó jáde yàtọ̀ sí èyí tí ó ní a ó wó ilé. Ẹ wo nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, nítorí àṣìṣe lè wà níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí a kọ ọ́ àti iye ọjọ́ tí a fi sílẹ̀ fún èsì, nítorí pé bí ọjọ́ náà bá kọjá, ẹ̀hónú tí ó dára jùlọ lè di asán. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó ìwé ilẹ̀, sọ́fè, àwòrán ilé tí ìjọba fọwọ́ sí àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé jọ. Nínú ilé ogún, ibí yìí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: odindi ọjọ́ mẹ́rin ni a fi wá ìwé bàbá wa, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wa ni a ti rí wọn.

Mo kọ lẹ́tà. N kò fi í bú ẹnikẹ́ni. Mo kọ nọ́ńbà ìwé ìkìlọ̀ náà, mo sọ ohun tí a kò gbà nínú rẹ̀, mo so ẹ̀dà àwọn ìwé wa mọ́ ọn, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a yẹ ilé náà wò kí a tó fọwọ́ kàn án. Mo rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ìgbà tí a kò kọ ọ́ ni. Owó tí a ní láti san, inú àpò ìjọba ni a san án sí, a sì gba rìsíìtì. N kò fi kọ́bọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí iléeṣẹ́ tí ó fúnni ní ìwé bá kọ̀ jálẹ̀, òfin Èkó fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀hónú, Ilé-ẹjọ́ Gíga sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ gba lọ́yà. Kì í ṣe ibi tí a ń fi ẹnu lásán lọ.

Ọ̀rọ̀ lásán kò lè gbè òpó ilé lẹ́sẹ̀, àyẹ̀wò ni ó lè sọ òtítọ́. Ní Èkó, Lagos State Materials Testing Laboratory ni ilé àyẹ̀wò ìjọba. Wọn kì í wó ògiri kí wọ́n tó yẹ ilé wò. Òòlù kan wà tí ń ta padà lára kọnkéré láti fi bí ó ṣe le tó hàn; ẹ̀rọ mìíràn ń rán ìró kọjá nínú òpó láti mọ̀ bóyá ó lábùkù nínú. Ó tún dára kí onílé ní ẹnjiníà tirẹ̀, tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò ka èsì náà fún un.

Èsì tiwa dé. Àwọn òpó náà lágbára tó fún àjà méjì tí bàbá wa kọ́. Méjì nínú wọn, lẹ́yìnkùlé, kò lè gbé àjà kẹta tí àwa gbé lé e láìgba àṣẹ. Bàbá wa kò ṣẹ̀. Àwa ni a ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gbé èsì náà pamọ́, kí a máa fi ẹ̀hónú fa ẹjọ́ náà gùn títí owó ilé ọdún kan yóò fi wọlé. Ó ṣeé ṣe. Àwọn kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà ní àjà kẹta náà pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Mo rántí Ìta Fàájì, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, níbi tí ilé tí ilé-ìwé wà ní òkè rẹ̀ ti wó lu àwọn ọmọdé, tí nǹkan bí 20 ènìyàn sì kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé a ti sàmì sí ilé yẹn tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. N kò lè sùn mọ́ èsì yẹn. A dá owó ilé tí ó ṣẹ́kù padà fún ìyá náà, ó sì kó jáde kí a tó gbọ́ ìdáhùn kankan.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà kejì. A gbà pé a rú òfin lórí àjà kẹta, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ọ́ kúrò lójú àwọn aláṣẹ, kí a fún òpó méjì náà lókun, kí a má ṣe wó gbogbo ilé. Wọ́n gbà. Ìnáwó rẹ̀ pọ̀, owó ilé wa sì dín kù ní ìdá mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún Iléyá kan fi kọjá, òmíràn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí ó tó jẹ́ kí n kí òun.

Mo mú ẹ̀dà lẹ́tà méjèèjì wá. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí ó dúró dè mí lẹ́yìn Àsárì, kí a jọ ka tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó sọ iye àjà tí ó wà nínú ìwé àṣẹ fún mi, àti iye tí ó wà lórí ilẹ̀.