Oògùn Ẹ̀gbọ́n Kì í Ṣe ti Àbúrò



Ìyá kan láti Ọ̀yọ́ wá kí ẹbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó gbé ọmọ oṣù 8 bá mi. Amoxicillin tó ṣẹ́kù lára ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún 6, ló ń fún un. Ṣíbí ọbẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n! Mo ní, "Ìyá, ìgbà wo lẹ pò ó?" Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, á tó oṣù kan."

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá ṣe wúwo tó lórí òṣùwọ̀n la fi ń mọ iye oògùn rẹ̀. Omi tí a sè tó ti tutù la fi ń po oògùn lúbúlúbú inú ìgò, dé ojú àmì gan-an. Ẹ mì í dáadáa kẹ́ ẹ tó bù ú. Látìgbà tí omi bá ti kàn án, ọjọ́ 7 ló sábà máa ń ní. Nínú fíríìjì, 14. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe ń ṣe: ẹ ka 7.

Sírìnjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹ má dì í nímú bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo. Ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ètè bá wú tàbí tí èémí há, ẹ dá a dúró, ó di ilé ìwòsàn lọ́gán.

Ìgò ti ìyá yẹn, ojú rẹ̀ la ṣe dà á nù.