Ẹni Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Máa Yẹ Òun Náà Wò

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Tí àjàkálẹ̀ àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń gbálẹ̀ ọsibítù ló ń dúró tì wá. Ta ló wá ń yẹ àwọn náà wò?

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹni tó máa fún wa ní ìlera, ó yẹ ká mọ bí ara tirẹ̀ náà ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ébólà. Ní July 20, 2014, Patrick Sawyer ti Làìbéríà bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, ara rẹ̀ ò yá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù First Consultants ní Obáléńdé. Ó ní òun ò súnmọ́ ẹni tó ní Ébólà rí. Dókítà Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò gbà, wọ́n ní kò ní jáde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, Ébólà ni. Ká ní wọ́n jẹ́ kó jáde ni, àwa ọlọ́jà ò bá mọ ibi tá a máa sá gbà. Èèyàn 20 ni Ébólà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Nínú 20 yẹn, òṣìṣẹ́ ìlera jẹ́ 11. Dókítà Adadevoh wà lára àwọn tó kú, ní August 19.

Kí ló dá a dúró? Wọ́n wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn kàn, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà wà níbẹ̀, èèyàn 894 lápapọ̀. Wọ́n ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíá. Nígbà tó di October 20, 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Kòrónà wá yàtọ̀. Ébólà kì í ràn kí àmì rẹ̀ tó yọ. Kòrónà ní tiẹ̀ lè máa ràn ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹni náà tó wúkọ́, ẹlòmíì kì í tiẹ̀ ṣàìsàn rárá. Ẹ̀yin onítòmátì mọ̀ ọ́n: tòmátì kan á máa dán lójú, inú rẹ̀ á ti máa rà. Ká fojú wò ó nìkan kò tó. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ti òwú bọ imú àti ọ̀fun. Nígbà tí kòrónà dé Nàìjíríà ní February 2020, ohun èlò àyẹ̀wò ò tó nǹkan, ẹni tó ti ní àmì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì tí ara rẹ̀ le, tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan sí èkejì, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó gbé. Ó lè kó o ran aláboyún, kó ran arúgbó, kó sì gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé láti January 2020 sí May 2021, òṣìṣẹ́ ìlera tí kòrónà pa lágbàáyé tó 80,000 sí 180,000. Ọmọ ẹni, àbúrò ẹni ni wọ́n o.

Ẹnì kan lè ní, tí wọ́n bá ní kí gbogbo nọ́ọ̀sì tó ní in lọ sílé, ta ló máa kù? Ó sàn kí méjì lọ sinmi fún ọjọ́ díẹ̀ ju kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ pọ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò lè sọ ti òní. Léraléra ni wọ́n ń ṣe é.

Nǹkan mẹ́ta là ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, ẹ má ṣe sá fún nọ́ọ̀sì tó bá wá rajà lọ́wọ́ yín, bí àwọn kan ṣe ń ṣe ní 2020. Tí a bá fi àyẹ̀wò dójú tì wọ́n, wọ́n á fi àrùn pamọ́, àwa náà ló máa padà jẹ ẹ́. Èkejì, tí àrùn bá tún dé, ẹ jẹ́ ká jọ lọ béèrè ní ọsibítù àdúgbò wa: ṣé ẹ̀ ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò? Ẹni tí ẹ ní kó jókòó sílé, ṣé owó oṣù rẹ̀ á pé? Ta ló máa yọjú fún àyẹ̀wò tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀? Àwa tí ìsọ̀ wa bá tì lọ́jọ́ kan tí ebi ń wọlé, ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: ibi tí ẹ lọ, ẹni tí ẹ tọ́jú. Irọ́ ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó Èkó sí wàhálà.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́, ọjà wa ò ní tú, a ò ní fi owó ọjà ra oògùn. Àṣẹ.